Wákàtí ojú ọ̀nà: àjẹsára ìgbóná àti àjẹsára èéyi ní Dàhòmì láti ọdún 1967

Àpá roboto kan wà ní apá òsì ìyá ìyá mi ní Kétu. Ó tó ojú ẹyọ owó, awọ ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ibi yòókù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ fún iṣẹ́ ìwádìí mi, òun ni mo kọ́kọ́ bi léèrè. Ó ní àwọn kan tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá lẹ́yìn òmìnira ló gún òun lábẹ́rẹ́, tòun ti ọmọkùnrin tí òun ń pọ̀n nígbà náà. Ti ìgbóná nìkan ni wọ́n fún òun. Méjì ni wọ́n fún ọmọ náà, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan: ti ìgbóná, àti ti èéyi tí a ń pè ní rougeole ní ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, ìgbóná kò mú ẹnikẹ́ni mọ́ nínú agbo ilé wọn. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún méjì sí i tí èéyi fi pa ọmọ náà, ẹni tí ì bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Ìbéèrè tí mo ń tọ̀ nínú ìwé yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Báwo ni ikọ̀ kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ṣe lè gbé àjẹsára méjì wọ abúlé, kí ọ̀kan ṣiṣẹ́ tán pátápátá, kí èkejì má ṣe tó bẹ́ẹ̀? N kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọmọ ìyá àgbà mi ti kú kó tó dé ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí n tún àwọn àkọsílẹ̀ ìgbà náà kà lójú mìíràn. Apá tí wọ́n gún ni àwa tí à ń kọ ìtàn ìlera máa ń kà, èmi pàápàá kà á bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí mo kọ gba oyè Master. Mo rò pé wákàtí ojú ọ̀nà ló yẹ kí a kọ́kọ́ kà.

Ní àwọn ilé ìwòsàn wa, chaîne du froid ni gbogbo ènìyàn ń pe ètò tó ń mú kí àjẹsára wà nínú òtútù láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é títí dé ara ọmọ. Mo pè é ní ẹ̀wọ̀n òtútù lójú àwọn àgbà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí pé kí ni òtútù jí tí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n. Nítorí náà, òtútù tí kò gbọdọ̀ já ni n óò máa pè é. Fún ọ̀pọ̀ àjẹsára lónìí, ìwọ̀n Celsius 2 sí 8 ni. Àkókò ni òtútù yẹn ń rà fún ẹni tó ń gbé ẹrù: àjẹsára tó wà nínú rẹ̀ ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bọ́ sínú ooru ń kú kíákíá. Ẹni tó bá pẹ́ lọ́nà tí yìnyín rẹ̀ sì ti yọ́, omi lásán ló ń gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ àkókò yìí ti wà kí fìrígò tó dáyé. Apá ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé àjẹsára ìgbóná nígbà náà, nítorí pé omi egbò rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru. Nígbà tí Francisco Xavier de Balmis ṣí kúrò ní èbúté La Coruña ní Sípéènì ní oṣù kọkànlá ọdún 1803, ọmọ aláìlóbìí 22 ló kó sínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á gún méjì. Nígbà tí egbò wọn bá pọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, wọ́n á fi omi rẹ̀ gún méjì mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé òdìkejì òkun. Ní ọdún 1804, irú ọ̀nà kan náà ni àjẹsára gbà dé Bahia láti Lisbon. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ ẹrú ni wọ́n fi ara wọn gbé e. Bahia yìí náà ni àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ Àgùdà ti padà wá sí Àjàṣẹ́, síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ kí a dárúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nínú ìtàn tí à ń sọ nípa ìpadàbọ̀ náà. Ara wọn ló ṣe iṣẹ́ ìgò àti iṣẹ́ fìrígò. Bí egbò ọ̀kan bá gbẹ kí wọ́n tó gún èkejì, ìrìn àjò òkun di asán.

Àwọn tó wá lẹ́yìn wá ọ̀nà láti gbẹ àjẹsára. Èyí tó yí ọ̀rọ̀ padà ni iṣẹ́ Leslie Collier ní Lister Institute ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1950 sí 1955. Ó mú kí àjẹsára náà dì, ó fa omi rẹ̀ jáde bó ṣe dì yẹn, ó sì ti fi peptone sí i kí ooru má baà tètè pa á. WHO wá fi lélẹ̀ pé àjẹsára ìgbóná gbígbẹ gbọ́dọ̀ lè fara da ìwọ̀n 37 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Kí ọkọ̀ ojú irin gbé e láti Kútọnù dé Ṣábẹ̀ẹ́, kí ọkọ̀ akẹ́rù rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Kétu, kí baálẹ̀ ní kí àwọn àlejò padà wá lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, àjẹsára yóò ṣì wà láàyè.

Irú èyí ni wọ́n gbé wá ní ọdún 1967. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ètò tí USAID sanwó rẹ̀ tí CDC ti Atlanta sì darí bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ogún ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Dàhòmì àti Togo wà lára wọn. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé dání, láti pa ìgbóná rẹ́ àti láti dín èéyi kù. Wọ́n ní Ped-O-Jet, ìbọn àjẹsára tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó lè gún tó ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní wákàtí kan. Ní ọdún 1970 ni wọ́n rí ìgbóná kẹ́yìn ní gbogbo àgbègbè náà, ní Nàìjíríà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, WHO kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé. Ìtàn yìí ni a máa ń sọ, ó sì dùn ún sọ.

Ti èéyi kò dùn ún sọ. Inú ọkọ̀ kan náà ló wà, ṣùgbọ́n inú yìnyín ló ní láti jókòó sí láti èbúté wá. Irú àjẹsára èéyi tó lè fara da ooru díẹ̀ kò jáde títí di nǹkan bí ọdún 1980. Bí wọ́n bá sì ti po ó mọ́ omi, ọ̀rọ̀ di ti wákàtí: ní ìwọ̀n 37, agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín wákàtí kan péré. Ẹ wo ọjọ́ kan lábẹ́ igi ní abúlé. Ikọ̀ náà ti po àjẹsára, àwọn ìyá ṣì ń bọ̀ láti oko, oòrùn ń gòkè. Àjẹsára ìgbóná ń dúró dè wọ́n. Èéyi kì í dúró.

Aago kejì tún wà tí ikọ̀ náà ń bá sáré, ìyẹn ọjọ́ orí ọmọ. Ohun tí ìyá fi bọ́ ọmọ nínú oyún ń ṣọ́ ọ fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Bí abẹ́rẹ́ bá dé nígbà náà, ohun tí ìyá fún un yóò pa àjẹsára náà. Bí ó bá pẹ́ jù, èéyi á ti ṣáájú rẹ̀ dé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe wá yan oṣù kẹsàn-án. Ọkọ̀ tó ń yí ká ilẹ̀ kan tó sì pẹ́ kó tó padà, ìgbà tó bá wù ú ni yóò bá ọmọ pàdé.

N kò sọ pé ooru nìkan ló fà á. Èéyi ń ràn ju ìgbóná lọ fíìfíì, ọdọọdún ni a sì ń bí ọmọ tuntun tí yóò mú. Owó Amẹ́ríkà náà kò dúró títí. Ṣùgbọ́n ní Gambia, ilẹ̀ kékeré tí ikọ̀ lè là já láìpẹ́, wọ́n dá èéyi dúró pátápátá fún ìgbà kan lẹ́yìn ọdún 1967. Àjẹsára náà ń ṣiṣẹ́ níbi tó bá ti dé láàyè, tí wọ́n sì ń padà wá lásìkò.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa òpìtàn. Àjẹsára ìgbóná máa ń fi àpá sílẹ̀. Ẹni tó bá padà sí abúlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lè wo apá, kó sì mọ èyí tó mú àti èyí tí kò mú. Èéyi kì í fi àpá kankan sílẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn, àwọn méjèèjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, iye báyìí fún ìgbóná, iye báyìí fún èéyi, bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n kà. Iye ìgbóná ni a lè yẹ̀ wò lára ènìyàn. Iye èéyi kò sọ ju iye ìgbà tí wọ́n tẹ ìbọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ wá àkọsílẹ̀ yìnyín, ti kẹrosíìnì àti ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ sí i. Àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí kì í sí nínú àpò ìwé ìlera. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí àti awakọ̀ ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Ọdún 1996 ni àmì kékeré kan dé sára ìgò àjẹsára rọpárọsẹ̀, tó wá tàn dé ara àwọn yòókù: igun mẹ́rin kan nínú òbìrí, tí ń dúdú bí ooru bá ń kó jọ lé e lórí, tí kì í sì í padà funfun. Ooru àti àkókò ló ń kà pọ̀. Mo rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Aago méje òwúrọ̀ ni àwọn ìyá ti jókòó. Ọ̀sán gangan ni alùpùpù tó gbé àpótí dé, ó ti jó táyà lọ́nà láti àná. Nọ́ọ̀sì náà gbé ìgò kọ̀ọ̀kan síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó sì kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí àwọn ìyá padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó jókòó tì mí kò bínú. Ó bi mí bóyá ọ̀sẹ̀ kan kò ní pọ̀ jù fún ọmọ rẹ̀, n kò sì rí èsì fún un. Ká ní ọdún 1968 ni, wọ́n á gún gbogbo àwọn ọmọ náà, a ó sì kà wọ́n mọ́ àwọn tó ti gbà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Banikoara ní àríwá Benin ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé àjẹsára kan jáde kúrò nínú òtútù pẹ̀lú àṣẹ. MenAfriVac ni, ti àrùn yírunyírun. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó lè wà ní ìwọ̀n tó tó 40 fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ikọ̀ kò ní láti sáré padà lálaalẹ́ nítorí yìnyín. Wọ́n sùn síbi tí iṣẹ́ bá bá wọn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 150 ènìyàn tí wọ́n gún. Ọjọ́ mẹ́rin yìí kéré sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti Collier, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n rà.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ìyá àgbà mi, ó gbé apá rẹ̀ sókè, ó fi ìka kan àpá náà. Ó wá bi mí ibi tí ti ọmọ òun wà. Mo ní kì í ní àpá. Ó ní, “Ta ló wá mọ̀ bóyá wọ́n fún un?”