Àwọn Tí Ó Kọ́ Ẹ̀rọ Ní Kíka Ikùn Ilẹ̀

Láti ojú ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé, nǹkan bí kìlómítà 6,371 ni. Ihò tí ó jìn jù lọ sísàlẹ̀ tí ọmọ ènìyàn tíì gbẹ́, èyí tí ó wà ní Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kò ju kìlómítà 12 àti díẹ̀ lọ. Báwo wá ni ẹ̀dá ṣe mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún? Ìmìtìtì ilẹ̀ ni ó tú àṣírí rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá mì, ìgbì a máa gba inú ayé kọjá. Àkókò tí ìgbì wọ̀nyí ń dé ni R. D. Oldham fi hàn ní ọdún 1906 pé ayé ní kókó kan nínú. Ní ọdún 1914, Beno Gutenberg ṣírò rẹ̀ pé kókó náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 2,900 sísàlẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ gbà pé irin yíyọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Inge Lehmann, obìnrin ará Denmark, ni ó yí èrò yìí padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1929, ilẹ̀ mì ní Murchison, ní New Zealand. Nínú àkọsílẹ̀ ibùdó Sverdlovsk àti Irkutsk, Lehmann rí ìgbì kéékèèké níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti hàn. Kò ní kọ̀ǹpútà. Ìbátan rẹ̀ kan sọ pé inú páálí oúnjẹ ni ó ń to káàdì àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí. Ní ọdún 1936 ó kéde pé kókó mìíràn tún wà nínú kókó náà. Ìwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé líle ni.

Lóde òní, àkọsílẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí ojú ènìyàn lè kà tán. Ní ọdún 2018, Weiqiang Zhu àti Gregory Beroza ní Yunifásítì Stanford gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde, PhaseNet. Àpẹẹrẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ: àkọsílẹ̀ tí ó lé ní 700,000 láti àríwá California, iṣẹ́ ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí àwọn onímọ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn sàmì sí ìgbà tí ìgbì dé. Bí irú àkókò bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni àwòrán inú ilẹ̀ ń mọ́ sí i, nítorí ìgbì a máa falẹ̀ níbi gbígbóná, a sì máa yára níbi tútù.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀rọ yìí yára ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ni ó kọ́ ọ ní kíkà. Èyí tí a fi ìmìtìtì ibì kan kọ́ lè ṣi ti ibòmíràn kà. Ìgbì kékeré tí Lehmann rí kò bá ohun tí wọ́n ti mọ̀ mu. Bí ó bá ti kà á sí àṣìṣe, ì bá ti sọnù. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lo ẹ̀rọ lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìgbì í kà fúnra rẹ̀.