Páírúféètì: Iyọ̀ Kékeré tí ó Wà ní Oríta Ẹ̀mí

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ páírúféètì rí: iyọ̀ kan tí ojú lásán kò lè rí nínú ara, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí kò lè ṣe aláìní.

Ní ọdún 1835 ni Berzelius, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, fún ásíìdì tí ó bí iyọ̀ yìí ní orúkọ. Ásíìdì tí ó wà nínú èso àjàrà ni wọ́n fi iná sí kí wọ́n tó rí i. Ìdí nìyí tí orúkọ náà fi pa iná àti àjàrà pọ̀. Omi tí kò ní àwọ̀ ni, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ọtí kíkan. Nígbà tí a bá pa á pọ̀ mọ́ sódíọ̀mù, a di ìyẹ̀fun funfun tí ń yòrò sínú omi.

Ní òpin ọ̀rúndún náà, àìsàn beriberi ń pa ènìyàn ní Éṣíà: ẹsẹ̀ a rọ, ara a wú, ọkàn a sì dákẹ́. Ní erékùṣù Java, ní nǹkan bí ọdún 1890, Christiaan Eijkman, dókítà ará Họ́láńdì, ṣàkíyèsí pé adìẹ tí ń jẹ ìrẹsì tí a ti bó èèpo rẹ̀ mọ́ féfé ń rọ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ ìrẹsì eléèpo, ara wọn yá. Eijkman rò pé májèlé ni ó fa á. Gerrit Grijns ni ó sọ ní ọdún 1901 pé àìní ni. Ohun tí wọ́n ṣe aláìní ni a mọ̀ sí fítámì B1.

Ní Oxford, láàárín ọdún 1930 sí 1939, Rudolph Peters àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ rí i pé páírúféètì ń kó jọ nínú ẹyẹlé tí kò rí fítámì yìí jẹ. Iyọ̀ náà dé oríta, kò rí ọ̀nà kọjá.

Ta ni yóò wá fi ọ̀nà náà hàn? Hans Krebs ni. Ìjọba Násì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Jámánì ní ọdún 1933 nítorí pé ó jẹ́ Júù, ó sì sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1937, ní Sheffield, òun àti William Johnson fi iṣan àyà ẹyẹlé ṣe àlàyé bí oúnjẹ ṣe ń yí po nínú ara títí yóò fi di agbára. Ìwé ìròyìn Nature kò gba iṣẹ́ náà. Ìwé mìíràn ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọdún 1953, Krebs àti Fritz Lipmann jọ gba Ẹ̀bùn Nobel.

Ṣúgà glúkósì kan a máa pín sí páírúféètì méjì. Bí ọ́síjìn àti fítámì B1 bá wà, a di agbára. Bí ọ́síjìn kò bá tó, bí i nínú iṣan ẹni tí ń sáré kíkan, a di látéètì. Nínú ìwúkàrà, a di ọtí àti afẹ́fẹ́. Èyí wà lára ohun tí ń mú ẹmu hó.

Beriberi kò tíì parẹ́: ó ṣì ń mu ọ̀mùtí àti ẹni tí ìrẹsì funfun nìkan jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá tètè fún aláìsàn ní fítámì B1, ọ̀nà a ṣí. Ohun tí ó lè gba ẹ̀mí là wà nínú èèpo tí a gbọn dànù.