Oògùn Apebi Nílẹ̀ Amẹ́ríkà

Ebi ni ó máa ń pa ènìyàn. Oògùn tí ó ń pa ebi kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́wọ́ àwọn dókítà. Èyí tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nínú wọn, kì í ṣe nítorí ìsanra ni wọ́n ṣe é. Amphetamine ni orúkọ rẹ̀. Lazăr Edeleanu ti pò ó ní Berlin láti ọdún 1887, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni títí di nǹkan bí ọdún 1929, nígbà tí Gordon Alles tún un pò ní California. Iléeṣẹ́ Smith, Kline & French ti Philadelphia sọ ọ́ ní Benzedrine, wọ́n sì kọ́kọ́ tà á fún imú dídí. Nígbà tí ó di oògùn oníhóró, wọ́n ń kọ ọ́ fún àwọn tí oorun máa ń gbé lọ lójijì lọ́sàn-án gangan. Lára àwọn tí ń lò ó ni wọ́n ti rí i pé oúnjẹ kì í wù wọ́n jẹ. Ní 1938, dókítà méjì ní Boston, Mark Lesses àti Abraham Myerson, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn pé ó lè ran ẹni tó sanra jù lọ́wọ́.

Ẹni tí ajá ń lé kì í rántí oúnjẹ. Ohun tí amphetamine ń fi ara ṣe nìyẹn: àyà á máa lù kì-kì-kì, ojú á dá, ebi á sì sá. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ara fi máa ń mọ ẹ̀tàn náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ebi á padà dé, ẹni tí kò fẹ́ kí ó padà á fi kún iye hóró tó ń lò, bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà ṣe ń di bárakú.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀rọ̀ náà di ọjà. Hóró oògùn aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n ń pè ní oògùn òṣùmàrè gbòde kan. Yàtọ̀ sí amphetamine, wọ́n ń kó oògùn tí ń mú ni tọ̀ àti èyí tí ń fọ inú mọ́ ọn, wọ́n ń fi dìjìtálísì tí í ṣe oògùn ọkàn sí i, wọ́n á sì tún fi oògùn oorun lé e láti rọ àyà tí amphetamine ti mú kí ó máa lù. Àwọ̀ wọn kò ṣe nǹkan kan nínú ara. Àwọn aṣojú iléeṣẹ́ ló ń kọ́ dókítà pé kí wọ́n máa yí àwọ̀ padà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, kí oníkálukú lè gbà pé tòun ni wọ́n dìídì pò fún òun. Ọgbọ́n oníṣòwò gbáà ni. Ewu rẹ̀ sì fara sin: oògùn ìtọ̀ àti ti ìgbẹ́ a máa fa pọtáṣíọ̀mù kúrò lára, bí pọtáṣíọ̀mù bá sì ti lọ sílẹ̀, dìjìtálísì a di májèlé fún ọkàn. Àwọn ènìyàn kú.

Ní oṣù kìíní 1968, ìwé ìròyìn Life gbé ìròyìn Susanna McBee jáde. Obìnrin akọ̀ròyìn yìí kò sanra, síbẹ̀ ó tọ dókítà mẹ́wàá lọ, ó sì kó hóró oògùn tó lé ní 1,000 bọ̀ wálé. Lọ́dún yẹn kan náà, Ilé Aṣòfin Àgbà wádìí òwò náà, àjọ FDA tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn òṣùmàrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Òfin tuntun lórí oògùn olóró dé ní 1970. Ní 1971 wọ́n fi amphetamine sábẹ́ ìṣọ́ tó le.

Oògùn méjì kan ló wá gba ipò rẹ̀: phentermine, tí FDA fọwọ́ sí ní 1959, àti fenfluramine, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1973. Phentermine ń ta ara jí, fenfluramine ń mú ni tòògbé. Michael Weintraub ní Yunifásítì Rochester rò ó pé bí a bá pa wọ́n pọ̀, ọ̀kan yóò mú ìnira èkejì rọ. Ó dán an wò lára ènìyàn 121, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1992: láàárín ọ̀sẹ̀ 34, àwọn tó lò ó fi kílógírámù bíi 14 fúyẹ́. Ènìyàn 121 kò tó láti fi mọ ohun tí oògùn lè ṣe fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́, FDA kò sì fìgbà kan fọwọ́ sí àpapọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin gba dókítà láyè láti lo oògùn tó ti wà lórí àtẹ bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀. “Fen-phen” ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ní 1996 nìkan, iye ìgbà tí dókítà kọ ọ́ fún ènìyàn lé ní mílíọ̀nù 18.

Ọkàn ló tú àṣírí. Ní oṣù keje 1997, àwọn dókítà Mayo Clinic àti ti ìlú Fargo kéde obìnrin 24 tí fáàfù ọkàn wọn, àwọn ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ti nípọn tí kò sì pa dé mọ́. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn àwọn 291 mìíràn tó ti lo oògùn náà, bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àléébù. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, fenfluramine kúrò lórí àtẹ. Phentermine kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó sì wà lórí àtẹ di òní.

Ilẹ̀ Faransé kò tètè kọ́gbọ́n. Benfluorex, tí iléeṣẹ́ Servier ń tà ní orúkọ Mediator láti 1976, máa ń di irú nǹkan kan náà tí fenfluramine ń dà nínú ara. Ọdún 2009 ni wọ́n tó kó o kúrò, lẹ́yìn tí Irène Frachon, dókítà ẹ̀dọ̀fóró ní Brest, ti pariwo títí. Ilé ẹjọ́ ní Paris dá iléeṣẹ́ náà lẹ́bi ní 2021. Sibutramine, oògùn apebi mìíràn, náà wá, ó sì lọ ní 2010 nítorí ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀.

Èyí tó gbòde báyìí tún gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé bíi ti amphetamine: àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń wá oògùn sí. Ní 1992, John Eng, dókítà kan ní Bronx, rí èròjà kan nínú oró alángbá aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gila, òun ló sì di abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ ní 2005. Semaglutide ti iléeṣẹ́ Novo Nordisk ní Dẹ́nmáàkì tẹ̀ lé e ní 2017; ní oṣù kẹfà 2021 FDA fọwọ́ sí i fún ìsanra. Ènìyàn 1,961 ni wọ́n fi dán an wò, ìwọ̀n ara àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà sì fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Ẹni tó bá dá a dúró, púpọ̀ nínú ohun tó lọ máa ń padà.

Fenfluramine náà ti padà. Ní oṣù kẹfà 2020, FDA fọwọ́ sí i ní ìwọ̀n kékeré fún àwọn ọmọdé tó ní irú wárápá kan tí oògùn mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wo ọkàn ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí wọ́n sì tún máa wò ó ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.