Òbí àti Olùkọ́ ní Ìlú Sókótó: Láti Ilé-Kéú dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì Kékeré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bíni, igba ènìyàn ní í wo ni. Nínú igba ènìyàn yìí, ipò olùkọ́ kò kéré rárá, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ ń wà láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òbí àti olùkọ́ ń gbà pàdé láti fi ọ̀rọ̀ ọmọ jomi tooro ọ̀rọ̀ ti yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ìlú Sókótó ní Òkè-Ọya jẹ́ ibi kan tí ìyípadà náà ti hàn gbangba. Ìlú ìmọ̀ ni kí Òyìnbó tó dé. Ibẹ̀ náà sì ni a ti ṣí ètò tí ó mú kí ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ní ọdún 1809 ni Muhammad Bello tẹ ìlú Sókótó dó, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀, Shehu Usman dan Fodio, ti bẹ̀rẹ̀ ogun jìháàdì ní 1804. Kò pẹ́ tí ìlú náà fi di ojúkò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ní ilé-kéú ìgbà náà, bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ni í mú ọmọ lọ fún málàmù, ojú ni wọ́n sì fi ń rí ara wọn. Kò sí ìwé èsì ìdánwò, ṣùgbọ́n wàláà wà. Ohun tí a kọ sára wàláà ni ọmọ ń ké, bàbá tí ó bá sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bóyá ọmọ ń tẹ̀ síwájú tàbí ó dúró sójú kan. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni ọmọ máa ń mú owó díẹ̀ lọ fún málàmù, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní owó Laraba, tí àwọn ọmọ kéú ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú sì mọ̀ dáadáa. Nígbà tí ọmọ bá sì parí Kùránì, àsè ni àwọn òbí rẹ̀ ń sè, gbogbo àdúgbò á sì péjọ láti gbọ́ bí yóò ṣe kà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé òbí àti olùkọ́ ṣe wà nínú àṣà fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà ìpè.

Àìpé kò ṣàì sí nínú ètò yìí. Òbí kì í sábà bi málàmù léèrè ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a bá rán lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òkèèrè lè pẹ́ púpọ̀ kí ó tó fojú kan bàbá rẹ̀. Àwọn ìyá pàápàá kò sí níbi ìjíròrò náà. Nípa ti àwọn ìyá ni iṣẹ́ Nana Asma'u, ọmọbìnrin Shehu, ṣe yẹ ní ìrántí. A bí i ní 1793, ó sì kú ní 1864. Òun ni ó kó àwọn obìnrin jọ sínú ẹgbẹ́ tí a ń pè ní 'Yan Taru. Àwọn aṣáájú wọn, tí orúkọ oyè wọn ń jẹ́ jaji, a máa kó àwọn obìnrin ìgbèríko wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sókótó. Wọn á kẹ́kọ̀ọ́, wọn á sì padà lọ kọ́ àwọn tí ó wà ní ilé. Ewì ni Nana Asma'u fi ń kọ́ wọn, ó sì ń kọ ọ́ ní èdè Haúsá àti Fúlàní kí ó lè tètè wọ̀ wọ́n létí. Ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ìyá kò tíì dé inú ilé.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1903, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú Sókótó. Lugard ṣe ìlérí pé ìjọba kò ní fọwọ́ kan ẹ̀sìn àwọn ènìyàn. Ní 1905, Àjẹ́lẹ̀ Burdon bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan níbẹ̀. Ní 1909, Hanns Vischer ṣí ti Nassarawa ní Kánò. Ìfura ni ọ̀pọ̀ òbí fi gbà wọ́n. Wọ́n bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá kọ́ ìwé Òyìnbó yóò gba ẹ̀sìn Òyìnbó. Àṣẹ ni ó sì mú ọmọ wá: Àjẹ́lẹ̀ sọ fún Sùlútáànù, Sùlútáànù sọ fún àwọn olórí agbègbè, àwọn wọ̀nyí sì sọ fún àwọn òbí. Nítorí ìdí èyí, àwọn ìjòyè kan fi ọmọ tiwọn pamọ́, wọ́n sì fi ọmọ àwọn ìránṣẹ́ wọn rọ́pò. Ibi tí a kò ti fi ọ̀rọ̀ lọ òbí, ọgbọ́n ni òbí fi ń dáhùn.

Nígbà tí ó yá, ilé-ẹ̀kọ́ agbedeméjì tí a mọ̀ sí Sokoto Middle School gbòòrò. Àárín ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga tí ó wà ní Katsina, tí a gbé lọ sí Kàdúná lẹ́yìn náà, ni ó wà. Ìtàn ènìyàn méjì tí gbogbo ayé mọ̀ lè fi hàn bí ọ̀rọ̀ òbí ti rí nígbà náà. Ahmadu Bello, tí a bí ní Rabah ní 1910, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Katsina ní 1931, ó sì padà wá ṣe olùkọ́ ní Sokoto Middle School títí di 1934 tí ó fi di olórí agbègbè Rabah. Shehu Shagari, tí a bí ní 1925, kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ọ̀dọ̀ ìbátan ni ó gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Yabo láti 1931 sí 1935, kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ agbedeméjì ní Sókótó, níbi tí ó wà títí di 1940. Ta ni yóò dúró fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níwájú olùkọ́? Ẹ̀gbọ́n, ìbátan, tàbí olórí agbègbè ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe olùkọ́, nǹkan yí padà. Bàbá tí ń fura sí Òyìnbó yóò ṣòro fún láti fura sí àtọmọdọ́mọ Shehu tí ó ń sọ èdè rẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń kírun.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni ó ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, òbí púpọ̀ sì ń bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe àjèjì mọ́. Ní Sókótó, ọdún 1976 ni ìkún-omi náà dé. Ní oṣù Kejì ni a dá Ìpínlẹ̀ Sókótó sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 1982 sì ni ètò tuntun dá sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀.

Ìyípadà yìí ni ó mú kí ìpàdé òbí àti olùkọ́ di kòṣeémánìí. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó ń rí ọmọ láti àárọ̀ dé ìgbà tí wọ́n bá jáde, ó sì mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn. Ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, olùkọ́ ìṣirò kan wà, ti Gẹ̀ẹ́sì wà, ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà wà. Olúkúlùkù rí apá kan ara erin. Olùkọ́ kíláàsì ni ó gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ìpàdé méjì ni a sì gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni ìpàdé gbogbogbòò ti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Níbẹ̀ ni a ti ń sọ ti àga, ti ọgbà, ti kànga àti ti owó. Ó wúlò, ṣùgbọ́n a kì í dárúkọ ọmọ níbẹ̀. Èkejì ni ìjókòó òbí kan pẹ̀lú olùkọ́ kíláàsì. Olùkọ́ yóò ṣí ìwé tí a fi ń pe orúkọ, yóò sọ iye ọjọ́ tí ọmọ pa jẹ, yóò fi máàkì rẹ̀ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin, yóò sì sọ ìwà rẹ̀, rere ṣáájú kí àléébù tó tẹ̀lé e. Òbí náà yóò sọ ohun tí olùkọ́ kò lè rí: iṣẹ́ oko, ọjà kíkiri, ilé-kéú ìrọ̀lẹ́, tàbí ètò ìgbéyàwó tí a ń ṣe fún ọmọbìnrin. Kí wọ́n tó dìde, ohun kan pàtó ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà láti ṣe, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò tún pàdé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1999, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ènìyàn ní ìlú Sókótó gan-an. Òfin rẹ̀ jáde ní 2004: ọdún mẹ́sàn-án ni kí ọmọ fi kẹ́kọ̀ọ́, títí dé òpin sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Òbí tí ó bá kọ̀, ìbáwí ni ìjìyà àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn ₦2,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bí ó bá tún tún un ṣe, ₦5,000, tàbí oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Ní 2005, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tí àwọn ará àdúgbò, títí kan àwọn obìnrin, yóò wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì nìyẹn: ọ̀kan ń fi òfin pe òbí, èkejì ń fi àga lọ̀ ọ́ kí ó jókòó. Ìtàn Sókótó ti fi èyí tí ó ń so èso hàn. Àṣẹ nìkan mú ọmọ ìránṣẹ́ wá dípò ọmọ ìjòyè. Olùkọ́ tí ìlú mọ̀ ni ó tu ìfura.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra láti ṣe olùkọ́ ni yóò bá ara wọn ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn, bí ètò àwọn àgùnbánirọ̀ ti ń ṣe láti 1973. Ẹ̀kọ́ Sókótó wúlò fún wọn. Kí a fi èdè tí ìyá ọmọ gbọ́ bá a sọ̀rọ̀, tàbí kí a wá ògbufọ̀ tí kì í ṣe ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kí a má pe ìpàdé sí àkókò ìrun Jímọ̀ tàbí ọjọ́ ọjà. Kí a má pe òbí kìkì nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀. Kí a sì bọ̀wọ̀ fún málàmù tí ó ti kọ́kọ́ kọ́ ọmọ náà, nítorí ó ti pẹ́ tí òun àti ilé ọmọ ti jọ ń pàdé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òbí nìkan kò sì lè dá a kọ́, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ nìkan kò lè ṣe é.