Nígbà tí Káńsù Ń Yẹ Àmù Wò

Ìyá mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ káńsù sétí. Lábúlé wa lẹ́bàá Àkànrán, àwọn méjì la fi mọ̀ ọ́n: wọléwọlé tó ń ṣí ìdérí àmù wá tanwíji, àti akódà tó ń bèèrè rìsíìtì owó orí. Inú fìlà ni bàbá mi ń ká tirẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá ní, oko kòkó ló ń sùn.

Owó kòkó já wálẹ̀, owó orí ń gòkè. Lọ́dún 1968 làwọn àgbẹ̀ yarí: ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà dé, Tafa Adeoye ṣáájú. Ìbọn dún títí wọ 1969, kí Awólọ́wọ̀ tó wá bá wọn sọ̀rọ̀, tí ìjọba sì dín owó orí náà kù.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: Àkànrán tí akódà ń bẹ̀rù nígbà ìjà yẹn náà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà báyìí.