Aró tó fi inú ojú hàn



Ní 1851, Helmholtz, ará Jámánì, sọ fún ayé bí èèyàn ṣe lè fi iná àti dígí wo inú ẹyinjú. Dókítà wá ń rí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀, àmọ́ kì í sábà rí èyí tó ń jò.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn méjì, Novotny àti Alvis, ní Indiana ní Amẹ́ríkà, ló wá ọ̀nà sí i. Ara Alvis gan-an ni wọ́n ti dán an wò. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ aró lápá. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí aró fi dé ojú, wọ́n tan iná búlúù sí i, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1961.

Ẹ ṣáà mọ ìkòkò tó sán: ẹ bu omi aró sí i, ẹ ó rí ibi tó ti ń jò. Bí àrùn bá mú iṣan inú ojú wú, aró á jò níbẹ̀, dókítà á sì mọ ibi tí ìjà wà. Ìtọ̀ lè pọ́n bí oje ọsàn lẹ́yìn rẹ̀; ẹ má fòyà.

Ojú lè funfun lóde kó máa bàjẹ́ nínú. Bó bá ń ṣú, tàbí tí nǹkan ń fò níwájú rẹ̀ bí eṣinṣin, ẹ má kán àgbo sí i. Ẹ tètè lọ rí dókítà ojú. Ojú tó bá ti fọ́ tán, fọ́tò ò lè là á.