Ọ̀pá Létí Òkun: Bí A Ṣe Ń Dá Ìpín Tí Ń Gòkè Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sún mọ́ tòsí. Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kí ó má bà yín lẹ́rù, nítorí ìṣirò inú rẹ̀ kò ju àròpọ̀ àti pínpín lọ.

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí apá ẹnì kan ṣoṣo kò lè ká owó rẹ̀, a máa ń pín in sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè dáwó sí i. Ẹni tí ó bá ra ìpín lè tà á fún ẹlòmíràn, ibi tí a sì ti ń tà á ni ọjà ìpín ìdókòwò. Owó ìpín a máa gbówó lórí, a sì máa wálẹ̀, bíi ti gaàrí. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìpín tí ó wà lọ́jà, báwo ni a ó ṣe sẹ́ èyí tí ń gòkè láti oṣù dé oṣù kúrò lára èyí tí ó kàn ta pọ́ún sókè lọ́jọ́ kan? Ẹ ó gbọ́ bí àwọn kan ṣe wá ìdáhùn sí i.

Ìlú New York ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọdékùnrin ni wọ́n máa ń sáré láti ọjà lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò láti sọ iye tí wọ́n ń ta ìpín. Ní ọdún 1867, Edward Calahan ṣe ẹ̀rọ kan tí ń gba iye owó láti ojú wáyà, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Láti ọjọ́ náà ni iye owó ti ń ya wọlé bí òjò. Ojú rí i, ṣùgbọ́n ọkàn kò mọ èyí tí yóò mú níbẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ kan ni ó tú u fún wọn. Charles Dow ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní ọdún 1851. Ní 1882, òun àti Edward Jones pẹ̀lú Charles Bergstresser dá ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan sílẹ̀. Ní 1884, Dow mú ìpín ilé-iṣẹ́ 11, rélùwéè ni 9 nínú wọn. Ó ro owó wọn pọ̀, ó sì pín in. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1896, ó gbé òmíràn jáde fún àwọn ilé-iṣẹ́ 12 tí kì í ṣe ti rélùwéè, ohun tí ó rí lọ́jọ́ náà sì jẹ́ 40.94. Nọ́ńbà kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ yóò mọ̀ bóyá gbogbo ọjà ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀.

Dow fi òkun ṣe àkàwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkun ń kún, ó lè ri ọ̀pá mọ́ inú yanrìn níbi tí ìgbì dé. Bí ìgbì mìíràn bá kọjá ọ̀pá yìí, kí ó sún un síwájú. Nígbà tí ó bá pẹ́ tí ìgbì kankan kò dé ìdí ọ̀pá mọ́, òkun ti ń fà sẹ́yìn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjà. Ìpín tí ń gòkè nítòótọ́, òkè tí ó bá gùn a máa ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kòtò tí ó bá sì jìn sí kì í jìn tó ti àtẹ̀yìnwá. Dow tún ní kí rélùwéè jẹ́rìí sí i: bí àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń tajà lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin ni yóò kó ọjà náà. Èmi fẹ́ràn èyí púpọ̀, nítorí ọgbọ́n ẹni tí ó ń wo ayé ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó ń wo ìwé nìkan.

Dow kú ní ọdún 1902. William Hamilton, ẹni tí ó di olóòtú ìwé ìròyìn tí àwọn Dow dá sílẹ̀, ni ó ń bá iṣẹ́ òkun àti ọ̀pá náà lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1929, nọ́ńbà náà ti gun 381. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, Hamilton kọ ọ́ pé òkun ti yí padà. Ọjà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 300 nígbà náà, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè ní ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù: ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1932, ó di 41.22. Ọdún 36 gbáko lẹ́yìn tí Dow bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ibi tí ó ti bá a. Ẹni tí ó gbọ́ ti Hamilton pàdánù díẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù.

Oníjó ni ẹni kejì tí n ó dárúkọ. Nicolas Darvas, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ń jó káàkiri ayé. Ní ọdún 1952, àwọn kan ní Kánádà fi ìpín ilé-iṣẹ́ ìwakùsà lọ̀ ọ́ dípò owó ijó. Ó rà á ní 50 sẹ́ǹtì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó wo ìwé ìròyìn, ó bá a ní dọ́là kan àti 90 sẹ́ǹtì! Láti ìgbà náà, ibikíbi tí ó bá ń jó sí, wáyà ni wọ́n fi ń tẹ iye owó ìpín ránṣẹ́ sí i. Bí ìpín kan bá ń lọ sókè sódò láàárín iye méjì, Darvas yóò kà á sí pé inú àpótí ni ó wà. Ọjọ́ tí ó bá já òrùlé àpótí náà, tí àwọn tí ń rà á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni yóò rà á. Lọ́jọ́ kan náà yóò pàṣẹ pé bí ó bá ti lè wálẹ̀ dé iye báyìí, kí wọ́n tà á, kí wọ́n má ṣe bi òun léèrè. Ní ọdún 1960 ó kọ ìwé pé òun jèrè mílíọ̀nù méjì dọ́là. Àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ New York yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní èrè tí àwọn rí kò sún mọ́ ọn. Ẹ fi mílíọ̀nù náà sílẹ̀. Àṣẹ títà tí ó ń pa lọ́jọ́ tí ó ń rà, èyíinì ni kí ẹ dì mú.

Ṣé ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́, àbí oríire ni? Ní ọdún 1993, Jegadeesh àti Titman, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ṣírò owó ìpín láti 1965 dé 1989. Wọ́n rí i pé ìpín tí ó gòkè jù láàárín oṣù mẹ́fà a máa bá a lọ fún oṣù díẹ̀ sí i ju èyí tí ó ti ń rẹlẹ̀ lọ. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún kan, apá kan nínú èrè náà a máa ṣàn lọ.

Àwa náà rí irú rẹ̀. Ọjà ìpín Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1961. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, nọ́ńbà tirẹ̀ gun 66,371. Gbogbo ìpín ni ó ń gòkè nígbà náà, asẹ́ kò rí èèrí kankan gbà dúró. Àwọn ènìyàn yá owó báńkì láti fi ra ìpín, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ri ọ̀pá kankan mọ́lẹ̀ tí yóò sọ fún wọn ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n tà. Nígbà tí yóò fi di ìparí oṣù Kẹta ọdún 2009, ó ti wálẹ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ní 2010, ìjọba ní láti dá ilé-iṣẹ́ AMCON sílẹ̀ kí ó máa ra gbèsè jíjẹrà lọ́wọ́ àwọn báńkì. Ó di ọdún 2023 kí nọ́ńbà náà tó padà kọjá ibi tí ó wà ní 2008, náírà tí a sì fi kà á nígbà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ náírà ti àtijọ́ mọ́.